Ìlà Méjì Tí A Yọ Lẹ́sẹ̀ Ìwé Ìyá Tóyìn

Lórí ìdúró ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Pátákó tí ìyàwó mi fi ń lọṣọ ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé wa ní Barking, orí rẹ̀ ni mo tẹ́ bébà lé, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìdí mi kò gba àga mọ́. Mo fi ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ jókòó síwájú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, mò ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá jókòó, àṣìṣe tèmi ni mò ń rí. Nítorí náà, mo máa ń rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé.

"Bàbá Bùnmi, ẹ jókòó," ni ìyàwó mi máa ń wí. "Kápẹ́ẹ̀tì yẹn ò ṣẹ̀ yín."

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbé ìwé ìròyìn kékeré jáde ládùúgbò ló ní kí àwa àgbà wá sọ bí a ṣe lo ayé wa lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹni tó ń ronú ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè rí nǹkan dì mú. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé ìtàn tèmi kò ní dùn délẹ̀, nítorí ìwà àìtọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a hù sí obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ wá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó gbọ́ irọ́ ọjọ́ náà gbọ́ òtítọ́ rẹ̀. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Èmi ti pẹ́ jù.

Tísà ìtàn ni mo jẹ́ nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú kí n tó rékọjá sí ìlú yìí. Mo kàwé gboyè, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ìpilẹ̀ tí orílẹ̀-èdè wa yá àwòṣe rẹ̀ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà: ààrẹ lọ́tọ̀, ilé aṣòfin lọ́tọ̀, ilé ẹjọ́ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá agbára jẹ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àpótí mẹ́ta sára pátákó dúdú. Kí a tó wọlé sáà tó tẹ̀ lé e, sójà kan ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di ọ̀kan. Àwọn ọmọ béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé kí àwọn nu àwòrán náà kúrò. Mo ní kí wọ́n nù ún. Títí di òní, n kò mọ ìdí tí mo fi yára bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe dé London kò yàtọ̀ sí bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ṣe dé e, n kò sì ní fi dá yín dúró. Mo rí ìkéde iṣẹ́ lára fèrèsé ilé ìtẹ̀wé kan ní Creekmouth, níbi tí odò Roding ti ń wọ inú Thames. Mo wọlé, wọ́n dán mi wò, mo yege. Ohun tí wọ́n ń san tó jẹun, kò tó yangàn. Ó parí.

Ọ̀gá ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ mọ̀. Hollis ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ àgbẹ̀ láti ilẹ̀ títẹ́jú tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà. Nígbà èwe rẹ̀, ìjọba kọ̀wé pè é pé kó wá ròkè òkun lọ jagun. Ó ní ẹnikẹ́ni kò bi òun bóyá òun ní ìjà kankan pẹ̀lú àwọn ènìyàn ọ̀hún, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì dé London, kò padà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gba ìjọba kankan gbọ́. Ìwé pélébé-pélébé nípa òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé níbí àti lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà lóríṣiríṣi: ènìyàn ló ni ara rẹ̀, ìjọba kò ju ìránṣẹ́ lọ, ìránṣẹ́ tí a kò bá sì ṣọ́ yóò di olówó ẹni.

Ó burú débi pé bí àwọn tó ń ka iye ènìyàn ìlú bá kan ilẹ̀kùn, yóò pa iná, yóò jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ bí ẹni tó kú. Bí ọ́fíìsì kankan bá fipá mú un kọ fọ́ọ̀mù, yóò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Mo kọ èyí lábẹ́ ìfipámúni." Mo rẹ́rìn-ín títí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rín tán.

Nítorí pé ọ̀gá mi le. Bí a ṣe ń ṣàyẹ̀wò ìwé nígbà náà ni pé ẹnì kan yóò máa ka ohun tí òǹkọ̀wé kọ sókè, ẹnì kejì yóò máa fi ojú tẹ̀ lé e lórí bébà gígùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Èmi ni mo ń kà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan o. Gbogbo àmì ìdánudúró, gbogbo lẹ́tà ńlá, gbogbo ààyè tó ṣófo ni mo gbọ́dọ̀ fi ẹnu pè. Hollis a di rúlà mú, yóò fi bo gbogbo ìwé náà àfi ìlà kan ṣoṣo. Ó ní ojú tó bá rí ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò fo ọ̀kan. Nígbà tí a bá dé ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ inú òfin ìpilẹ̀ wá, yóò di ojú, nítorí ó ti há a sórí látòkè délẹ̀. Bí mo bá ka ọ̀rọ̀ kan gba ibòmíràn, yóò fi rúlà gbá tábìlì.

"Padà sẹ́yìn."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan péré ni."

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fi ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Padà sẹ́yìn."

Lẹ́yìn èyí, a óò tún ka ìwé náà láti ìlà tó kẹ́yìn wá sí ìlà àkọ́kọ́, kí ìtumọ̀ má baà gbé ojú wa sáré. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Àṣìṣe tí a kò rí lórí bébà, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni yóò rí i. Bí a bá parí, ẹni tó ka ìwé náà yóò fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí igun, a óò fi òun àti èyí tí òǹkọ̀wé kọ sínú àpò ìwé, a óò sì tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin tó wà lẹ́yìn àga ọ̀gá. Kò sí ìwé kan tó jáde ní ilé náà tí a kò mọ ẹni tó kà á.

Àṣìṣe ńlá àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò tilẹ̀ jẹ́ ti ìlà fífò. Amòfin kan ní Amẹ́ríkà kọ ìwé sí wa. Ó ní adájọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti rí nínú òfin ìpilẹ̀ ohun tí àwọn tó kọ ọ́ kò kọ síbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Mo ro bí ẹrú ṣe wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ òfin náà, mo sì fi "nígbà mìíràn" há àárín gbólóhùn ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Hollis mọ̀. Ó dìde, ó na ìwé náà sí mi lójú.

"Ta ló dìbò yàn ọ́?"

"Ọ̀gá, ohun tó kọ kò tọ̀nà."

"N ò bi ọ́ léèrè bóyá ó tọ̀nà. Mo ní, ta ló dìbò yàn ọ́ ṣe olórí lórí gbólóhùn ọkùnrin yẹn? Kọ ìbéèrè rẹ sí etí ìwé. Fi ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá gbà, ó gbà. Bí ó bá kọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ padà láìgba àṣẹ, kí ló fi sàn ju sójà yín tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo dá gbólóhùn náà padà sí bó ṣe wà, mo kọ ìbéèrè mi sí etí, a sì fi ránṣẹ́. Ọkùnrin náà kọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ojú ìwé méjì dá mi lóhùn, ó pè mí ní ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú ìrònú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, tí mo sì fẹ́ràn Hollis. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé, ẹ kọ́ èyí kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun: ilé onílé ni ẹ wà. Ẹ máa tún un ṣe, ẹ má ṣe gbà á.

Ní ọdọọdún ni irinṣẹ́ ń yí padà. Lẹ́tà òjé ni mo bá; ó máa ń dúdú sí wa lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bébà tí a ń fi abẹ rẹ́, tí a ń fi ìda lẹ̀ mọ́ páálí, tí ìlà kan lè já bọ́ sílẹ̀ kí ó sì lẹ̀ mọ́ bàtà ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Hollis yí i ká fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní irinṣẹ́ tó bá lè yí ọ̀rọ̀ padà láìfi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, irinṣẹ́ ọba ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ ìwé àyẹ̀wò sórí bébà títí dé òpin, tí a ń fi bírò pupa sàmì sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ti ń ka tiwọn lójú gíláàsì.

Bí wọ́n bá ti ń dìbò ní Amẹ́ríkà, a kì í gbádùn. Hollis kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ńlá kankan nínú méjèèjì. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń ṣe òfin tó ń sọ iye ìbúwọ́lù tí ẹgbẹ́ kẹta gbọ́dọ̀ kó jọ kí orúkọ olùdíje rẹ̀ tó lè hàn lórí ìwé ìdìbò. "Àwọn tó ń sáré ló ń wọn ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ bá wọn sáré," ni ó máa ń wí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹni tó dìbò fún ẹgbẹ́ kékeré fi ìbò rẹ̀ ṣòfò, yóò ní, "Ìbò tí o fún ẹni tí o kò fẹ́ ni ìbò tó ṣòfò." Mo máa ń bá a jiyàn. Mo bi í pé àwọn tí ìpínlẹ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n dìbò nítorí àwọ̀ wọn ńkọ́, ṣé kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á náà ló wá gbà wọ́n? Yóò ní ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló kọ́kọ́ jalè, ìjọba ni ìjọba ń jẹ́. A kò parí àríyànjiyàn náà rí. Mo ṣì ń bá a jiyàn nínú ilé yìí, bí mo ti ń rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Tóyìn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa láti Barking lọ sí Creekmouth láàárọ̀, èmi àti àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí tó wà níbẹ̀. Ará Èkìtì ni, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ni pẹ̀lú. Ohùn rẹ̀ a máa dé ìjókòó ẹ̀yìn láìlo ẹ̀rọ.

"Bọ̀dá Ṣínà, ẹ tún pẹ́! Òyìnbó yín máa fi rúlà nà yín lónìí."

"Ìyá Tóyìn, wa ọkọ̀ rẹ."

"Ẹ fọwọ́ kan káàdì yín kí n wà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì, káàdì lásán ẹ ò rí i fọwọ́ kàn."

Bí òjò bá ń rọ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn máa ń dúró de ọkọ̀ níbi tí kò sí ìbòrí, bí omi bá ti ń ṣàn lára wọn ni wọ́n ń wọlé. Ìyá Tóyìn béèrè ọ̀rọ̀ ìbòrí náà lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ìbò wá sí ìjọ wọn. Àwọn ti ẹgbẹ́ kan ní ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ kejì ni àtiṣe rẹ̀ wà. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ní ọwọ́ àwọn ti àkọ́kọ́ ni. Nígbà tí ìdìbò ìbílẹ̀ tún dé, ó ní òun yóò díje fúnra òun, láìsí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn òun. Gbogbo bọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé èmi ni mo mú un wá sọ́dọ̀ Hollis. Inú ti Hollis dùn jù mí lọ. Ẹni tó ti ń kọ̀wé nípa olùdíje aládàádúró láti ìgbà èwe rẹ̀ wá rí ọ̀kan tó ń rìn wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ awakọ̀.

Ìwé ìléwọ́ tí ó kọ́kọ́ mú wá kò ní àwòrán rẹ̀. Ìbéèrè méje ni, sí ẹgbẹ́ méjèèjì: ta ló ṣèlérí kí ni, ọdún wo, kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀? Ní ẹsẹ̀ ìwé náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà méjì: orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé wa, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ àti àdírẹ́sì òun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé e jáde. Ó fa igi sábẹ́ wọn. Òfin ilẹ̀ yìí ni pé ìwé ìpolongo ìbò kò gbọdọ̀ jáde láìsí orúkọ àwọn méjèèjì, àwọn tó ń bójú tó ìdìbò sì ti kìlọ̀ fún un.

A tò ó, mo kà á, kò sí àṣìṣe. Hollis gba ìwé àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ mi kí n tó fọwọ́ sí i.

"Kí ni èyí lẹ́sẹ̀ rẹ̀?"

"Àdírẹ́sì wa ni, Ọ̀gá. Àti tirẹ̀. Wọ́n ní dandan ni."

"Ta ló ní dandan ni?"

Ó ti yọ bírò pupa.

"Àwọn tó jà fún òfin ìpilẹ̀ wa nínú ìwé ìròyìn nígbà àtijọ́, ṣé orúkọ wọn ni wọ́n fi kọ ọ́? Orúkọ àwọn ará Róòmù tó ti kú ni wọ́n yá lò. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún ti sọ ọ́ gbangba: ẹni tó ń pín ìwé ìṣèlú lè fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, kí alágbára má baà mọ ilé tí yóò lọ. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀." Ó fa igi pupa la ìlà méjèèjì já lórí ìwé àyẹ̀wò, ó tún fà á sórí èyí tí Ìyá Tóyìn fọwọ́ kọ. "Fọwọ́ sí i."

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju èyí lọ: Ọ̀gá, Barking la wà. N kò sọ ọ́. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka òfin Amẹ́ríkà débi pé, lójú mi, òun ni òfin. Ti ìlú tí mò ń sùn, tí mò ń jí, n kò kà á rí. Ohun kejì tó yẹ kí n sọ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ta ló dìbò yàn yín? Ó kọ́ mi ní gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù Ìyá Tóyìn wà lórí bébà níwájú mi, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hollis dùn létí, ó ní ìtàn nínú, ó ní ilé ẹjọ́ nínú. Mo fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi sí igun.

Àwọn obìnrin ìjọ gba páálí ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti pín in káàkiri Upney, àdúgbò Ìyá Tóyìn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìyá Tóyìn kò rí i. Ó wà nídìí ọkọ̀. Èmi wà nínú bọ́ọ̀sì náà nígbà tí èrò kan wọlé pẹ̀lú ọ̀kan lọ́wọ́. Mo rí i tí ó gbà á wò, tí ó yí i wo ẹ̀yìn, tí ó tún yí i padà. Ó wò mí nínú dígí. Iná ojú ọ̀nà ti di àwọ̀ ewé, ọkọ̀ kò lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè.

"Bọ̀dá Ṣínà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ dé ìjókòó kejì, "orúkọ mi dà?"

Mo ní n óò béèrè.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi ẹjọ́ sùn. Ọlọ́pàá pè é, wọ́n bi í léèrè, wọ́n kìlọ̀ fún un. Èyí kéré lára rẹ̀. Ohun tí ó gún un lọ́kàn ni ohun tí wọ́n ń sọ ní ọjà East Street, tí wọ́n ń sọ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: pé ó sọ òkò, ó fi ọwọ́ pamọ́. Pé obìnrin tó ń gbàdúrà lókè ló ń pín ìwé òkùnkùn. Ó ní òun kọ orúkọ òun síbẹ̀. Wọ́n ní kó mú èyí tó kọ wá. Ìwé tó fọwọ́ kọ náà wà lọ́dọ̀ wa.

Ó wá sí Creekmouth ní ọ̀sán gangan, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò jókòó.

"Ọ̀gbẹ́ni Hollis, mo fẹ́ ìwé mi. Èyí tí mo fọwọ́ kọ."

Hollis tí kò bẹ̀rù sójà, tí kò bẹ̀rù àwọn tó ń ka ènìyàn, bẹ̀rù ní ọjọ́ náà. Òfin náà mú atẹ̀wé bó ṣe mú olùdíje. Bí bírò pupa yẹn bá jáde, ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ni yóò rojọ́.

"Màdáámù, a kì í tọ́jú irú rẹ̀," ni ó wí. "Ohun tí a bá ti tẹ̀ tán, a ń dà á nù."

Kọ́bọ́ọ̀dù irin náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í.

Ìyá Tóyìn yíjú sí mi. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, kí ó lè jẹ́ láàárín wa. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kà á. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ àbí mi ò kọ ọ́?"

Mo ní, "Ìyá Tóyìn, mi ò rántí."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kò pè mí ní sà rí. Ó jáde.

Kò wọlé ìdìbò. Bóyá kò ní wọlé tẹ́lẹ̀ náà, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ ní kó kúrò nípò olórí àwọn obìnrin títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, ọ̀rọ̀ kò sì yanjú. Ó kúrò ní ìjọ náà. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, nínú òjò, nínú yìnyín, kí n má baà wọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé dókítà ló ní kí n máa rìn.

Inú bí mi sí Hollis, ó ṣì ń bí mi. Ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ pé kí a mọ ọgbà yí alágbára ká, ṣùgbọ́n kò rò pé òun náà jẹ́ alágbára nínú yàrá mẹ́rin tí òun ti ń di bírò mú. Ó gba ohùn obìnrin kan lẹ́nu rẹ̀ ní orúkọ òmìnira, ó sì fi obìnrin náà sílẹ̀ kó jìyà rẹ̀. Bí ìjọba ló ṣe é, ìwé mẹ́ta ni Hollis ì bá tẹ̀ nípa rẹ̀. N kò sọ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ burú. Mo ṣì gbà á gbọ́ pé agbára tí kò ní ẹni tó ń bi í léèrè yóò ba nǹkan jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé èmi ni ó yẹ kí n bi í léèrè, èmi sì ni mo fọwọ́ sí i.

Ó ṣàìsàn, ó kú, ilé iṣẹ́ náà sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù dà nù, mo yọ àpò ìwé Ìyá Tóyìn, mo gbé e wálé. Mo ní n óò lọ fún un ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ọdún. Mo fẹ̀yìn tì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé.

Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó mi gbé àpò náà wá síwájú mi, ó fi lé orí pátákó ìlọṣọ yìí.

"Mo ti kà á," ni ó wí. "Kì í ṣe dókítà ló ní kẹ́ ẹ máa rìn. Ẹ wọ bàtà yín."

Upney kò jìnnà. Ìyá Tóyìn fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti funfun, kò wa ọkọ̀ mọ́, ohùn náà ṣì wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ní ẹnu ọ̀nà, kó tó ní kí n wọlé. Ó fa ìwé náà yọ nínú àpò. Ó fi ìka tọ ìlà méjèèjì lábẹ́ igi pupa.

"Ọwọ́ mi rèé," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè. "Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa o. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kò ká, kò ya. Ẹ mà kú ìtọ́jú, Bọ̀dá Ṣínà."

Mo ní n óò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú orúkọ mi, kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

"Ẹ kọ ọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti gbọ́ tàkọ́kọ́? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹnì kan ló sọ fún ẹnì kan." Ó kó ìwé náà padà sínú àpò. "Ìdìbò tún dé, mo sì tún ń jáde. Láti ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn. Ojúlé mẹ́rin nínú márùn-ún, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń sọ sí mi lójú. Ó sú mi láti máa dáhùn. Ẹ wá dáhùn."

"Ìyá Tóyìn, èmi? N ò mọ bí wọ́n ṣe ń polongo ìbò."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ polongo? Ẹ kàn máa rántí."

Bí a ṣe jáde nìyẹn, ní ọ̀sán Sátidé, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó ṣí, ọkùnrin Yorùbá kan tó wọ jálàbíà ló yọ jáde, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí wa dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó tẹjú mọ́ Ìyá Tóyìn.

"Ẹ máa bínú o, Màmá. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fi ìwé aláìlórúkọ yẹn há ẹnu ọ̀nà wa lọ́jọ́sí?"

Ìyá Tóyìn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ́ kí ọkùnrin náà rí mi.

"Òun kọ́," ni mo wí. "Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, àti ilé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló yọ ọ́ láìsọ fún un, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ó wá bi mí léèrè, mo ní mi ò rántí. Irọ́ ni mo pa."

Ọkùnrin náà wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo Ìyá Tóyìn. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ lórí ògiri kékeré iwájú ilé, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ láti inú ilé.

"Wá gbọ́ nǹkan níbí." Ó yíjú padà sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ìyàwó mi ló sọ tàkọ́kọ́ fún gbogbo àdúgbò."

Obìnrin náà dé, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Mo tún un sọ.